Ẹ Wá Ọ̀nà Tí Àrùn Ń Gbà: Ìmọ̀ràn Wolé-wolé Àtijọ́ fún Àwọn Ọ̀dọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, oko kòkó sì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, inú ìkòkò omi onílé ni mo ń yọjú sí, bóyá tanwíji wà níbẹ̀. Bí ó bá di Sátidé, mo ti wà lóko lọ́dọ̀ bàbá mi, à ń já kòkó tó ti dúdú kúrò lára igi. Nítorí náà, bí ẹ ṣe ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí àrùn tó ń ràn, ẹ má retí kí n pín in sí méjì, kí n ní ti ènìyàn rè é, ti igi rè é. Ọgbọ́n kan náà ni méjèèjì fi ń ràn. Àrùn ò lẹ́sẹ̀, kò sì ní ìyẹ́. Nǹkan kan ló ń gbé e kiri: ọwọ́, omi, èkúté, ẹ̀fọn, abẹ, igi ẹ̀gẹ́ tí ọ̀rẹ́ fi ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ. Ẹni tó bá ti mọ ohun tó ń gbé e ti mọ ibi tí yóò ti dènà dè é, bí kò tilẹ̀ ní kọ́bọ̀ tí yóò fi ra oògùn.

1. Kí ẹ tó bèèrè oògùn, ẹ bèèrè ibi tí àrùn gbà wọlé.

Ẹ̀yin ò mọ sòbìà, mo sì dúpẹ́ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Aràn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, a máa gùn tó mítà kan nígbà mìíràn, ẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń gbà jáde. Ibi tó bá fẹ́ gbà yóò wú, yóò lé ròrò, yóò sì máa ta ẹni náà títí tí kò fi ní lè sùn. Ìgbà tí iṣẹ́ oko bá pọ̀ jù gan-an ló máa ń yọjú. Mo rí ọkùnrin alágbára tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tí wọ́n ń fi igi kékeré rọra ká aràn náà jáde, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, nítorí bí ó bá já sínú, ẹsẹ̀ á kẹ̀. Iṣu wà lóko, kò sí ẹni tí yóò wà á.

Àwọn àgbà kan ní Ìbàràpá máa ń sọ pé kò sí ẹni tí sòbìà ò sí lára rẹ̀, pé iṣan kan ni, ti ẹlòmíràn ló kàn dìde. Bí ènìyàn bá ti gba bẹ́ẹ̀, kí ni yóò tún máa ṣọ́ra fún? Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn lọ bá àwọn ará Ìdèrè, ní Ìbàràpá kan náà, jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì tọ ipa aràn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹsẹ̀ bá ń ta onísòbìà, yóò kì í bọ adágún omi kí ara lè tù ú. Lójú ẹsẹ̀ ni aràn náà yóò tú ọmọ rẹ̀ sínú omi lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Kòkòrò omi kan tí ojú lásán ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí yóò gbé ọmọ aràn náà mì. Ẹni tó bá bu omi yẹn mu ti gbé kòkòrò mì nìyẹn. Kòkòrò yóò kú síkùn, aràn yóò yè, yóò sì máa dàgbà lára ẹni náà fún nǹkan bí ọdún kan kí ó tó wá ọ̀nà àbájáde lẹ́sẹ̀. Ọdún kan gbáko! Ta ni yóò rántí omi tó mu ní èṣín?

Títí di òní, àrùn yìí ò ní oògùn, kò sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ń ṣe é kárí Nàìjíríà láàárín 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Ní 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Kí ló lé e lọ? Aṣọ ni. Aṣọ tí ihò rẹ̀ kéré débi pé kòkòrò omi ò lè gba ibẹ̀ kọjá, tí ìyálé ilé ta sẹ́nu ìkòkò kó tó da omi sí i. Mo mọ̀ pé kànga ẹ̀rọ náà ṣe tirẹ̀, oògùn tí wọ́n dà sínú adágún ṣe tirẹ̀, Ọ̀gágun Gowon tó ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè wa rí náà sì bá àwọn ará àjọ Carter Center kiri láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n ń bẹ ọba àti baálẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ yẹn ló wà níkàáwọ́ gbogbo ilé, òun àti kí ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ gbà pé òun ò ní wọ odò. Àwọn kan nínú yín máa ń sọ fún mi pé láìsí ilé ìwòsàn ńlá, ìlera ò sí. Kò sí ilé ìwòsàn ńlá ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn abúlé tí sòbìà ti kúrò wọ̀nyẹn. Nínú púpọ̀ wọn, kò tíì sí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

2. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ẹ sì fọ̀ ọ́ bí ẹ bá ti ṣáláńgá dé. Ẹ ti gbọ́ ọ títí ó fi sú yín, èmi náà ti sọ ọ́ títí ó fi sú mi. Ẹ lọ fọwọ́.

3. Ẹ wọn àárín ṣáláńgá sí kànga.

Ìparí ọdún 1970 ni onígbáméjì wọ Èkó nígbà àkọ́kọ́ tí àwa tí a wà láyé nígbà náà gbọ́ orúkọ rẹ̀ létí gbangba. Kò tíì lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Èkó kan náà ni ó tún ti ń gbé ènìyàn dèrò ilé ìwòsàn. Ìgbẹ́ ẹni tó ń ṣe é ló ń wọ inú omi, omi ló ń wọ ẹnu ẹlòmíràn, yálà ó fi omi náà mu gàrí, ó fi fọ èso, tàbí ó rà á nínú ọ̀rá tí kò mọ ibi tí wọ́n ti rọ ọ́.

Ní London ní 1854, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó lè sọ pàtó ohun tó ń fa onígbáméjì, dókítà kan tó ń jẹ́ John Snow lọ láti ilé dé ilé, ó ń bèèrè ibi tí olúkúlùkù ti ń pọn omi. Ó rí i pé ẹ̀rọ omi tó wà ní Broad Street ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú ti ń pọn. Ó rọ àwọn aláṣẹ àdúgbò títí wọ́n fi yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà kúrò. Kò mọ ọ̀tá, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà. Bí mo bá ní àṣẹ, gbogbo wolé-wolé ni ǹ bá mú kọ́ ìtàn ọkùnrin yìí sórí.

Ọgbọ̀n mítà ni àwa máa ń béèrè láàárín ṣáláńgá àti kànga. Onílé yóò ní ilẹ̀ òun ò tó bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ ò bá tó, ọ̀kan nínú méjèèjì ni ilẹ̀ náà gbà. Bí onígbáméjì bá ti wá mú ẹnì kan nílé, gbígbẹ omi ara ló ń pa á, ó sì lè pa á kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ mú lítà omi kan tí a ti sè tó ti tutù, ẹ da ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀ sí i, àti ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí kò ga lórí, ẹ rò ó, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má dúró de ìgbà tí yóò sinmi kí ẹ tó gbéra.

4. Ẹ mọ irú ọ̀tá tí ẹ ń fín oògùn sí.

Láyé bàbá mi, oògùn méjì ló wà lọ́wọ́ olóko kòkó: Gammalin 20, àti oògùn tó rí bí aró tí wọ́n fi bàbà ṣe. Gammalin wà fún kòkòrò tó ń fa omi ara kòkó mu. Oògùn bàbà wà fún àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú lórí igi. Ohun tíntín kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytophthora ló ń fa ìyẹn, òjò ló sì ń gbé e. Omi òjò á ta láti ilẹ̀ sára kòkó ìsàlẹ̀, á kán láti ara èyí tó ti dúdú sára èyí tí kò tíì dúdú, èèrà tó ń fi erùpẹ̀ kọ́lé sára igi náà á sì gbé e gòkè. Ẹ wá wo àgbẹ̀ tó ń fín Gammalin sí kòkó dúdú. Kòkòrò kú, ẹja inú odò kú, kòkó ń dúdú lọ ní tirẹ̀.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń ra Ampiclox méjì nídìí àtẹ bí ọ̀fìnkìn bá mú yín? Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn. Bakitéríà ni Ampiclox ń pa, kò sì rí ọ̀fìnkìn fín. Èyí tó tún burú ni pé méjì péré lẹ lò. Àwọn bakitéríà tó wà lára yín tẹ́lẹ̀, tí wọn ò ṣe yín ní nǹkan kan, tọ́ oògùn wò wọn ò kú, wọ́n ń kọ́ bí wọn yóò ṣe dúró dè é. Lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ gan-an, ẹ ó pè é, kò ní jẹ́.

Bí oògùn bàbà yẹn ṣe délé ayé máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní ẹkùn Médoc, lẹ́bàá ìlú Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, àwọn olóko àjàrà máa ń po bàbà mọ́ ẹfun, wọ́n ń wọ́n ọn sára àjàrà tó bá wà lẹ́bàá ọ̀nà kí àwọn tó ń kọjá má bàa já a jẹ. Ní 1882, àrùn kan ń wọ́ ewé àjàrà dànù káàkiri agbègbè náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Pierre-Marie-Alexis Millardet, ń kọjá lọ, ó rí i pé àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà nìkan ni ewé wọn ṣì dúró dáadáa. Ó lọ dán an wò, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1885. Olè ni wọ́n dẹ pàkúté fún, àrùn ló kó sí i. Láti ibẹ̀ ni oògùn náà ti rìn dé oko kòkó wa.

Ìbátan ohun tó ń ba kòkó wa jẹ́ yìí náà ló wọ oko pọ̀tétò ní ilẹ̀ Ireland ní 1845, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ oògùn bàbà. Irú pọ̀tétò kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ tálákà ibẹ̀ ń gbìn, òun náà ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ló bá ìyàn àti àìsàn tó tẹ̀lé e lọ, bẹ́ẹ̀ ni iye tó tó bẹ́ẹ̀ wọkọ̀ ojú omi kúrò nílẹ̀ baba wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún oko gbìn, ẹ má fi irú kan ṣoṣo kún ilẹ̀, bí ẹni tó ta á fún yín ṣe wù kó yìn ín tó. Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ ìfínko kọ́ èjìká, ẹ gé ẹ̀ka kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ẹ já gbogbo kòkó dúdú, ẹ sì kó o jìnnà sídìí igi. Àgbẹ̀ tó fi í sílẹ̀ lórí igi, tó wá ń fín oògùn yí i ká, owó ló ń fín dànù.

5. Ẹ má fi ẹwà igi ẹ̀gẹ́ yan irúgbìn.

Ẹ ti rí ẹ̀gẹ́ tí ewé rẹ̀ lọ́ pọ̀, tó kéré, tí àwọ̀ yẹ́lò dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé lára rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ni. Láti 1894 ni wọ́n ti kọ nípa rẹ̀ ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Eṣinṣin funfun kékeré kan ló ń gbé e láti ara ẹ̀gẹ́ kan dé ara èkejì, ṣùgbọ́n láti ìlú dé ìlú, ọwọ́ àwa ènìyàn ló wà: ìdì igi ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ọ̀kadà, ẹ̀bùn àna sí àna. Nígbà tí ẹ bá fi máa gé igi náà, ewé ti wọ́ tán, igi náà yọ̀, ó sì rí bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Nítorí náà, ìgbà tí ewé ṣì wà lórí ni kí ẹ yí oko ká, kí ẹ so okùn mọ́ èyí tí ewé rẹ̀ mọ́, kó jẹ́ pé lára àwọn yẹn nìkan ni ẹ ó ti gé irúgbìn. Èyí tó bá sì ti fi àrùn hàn láàárín oṣù méjì tí ẹ gbìn ín, ẹ fà á tu. Ó máa ń dun ènìyàn, mo mọ̀.

Ọ̀mọ̀wé kan wá láti Kòríà sí ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn ní 1971, Sang Ki Hahn lorúkọ rẹ̀. Láti ara ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹ̀gẹ́ inú igbó ṣe àmúlùmálà rẹ̀ ní Amani ní Tanganyika, tí irúgbìn rẹ̀ gba Moor Plantation ní Ìbàdàn wọlé, ni òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti yọ àwọn irú tó lè gba àrùn yìí mọ́ra tí wọ́n á sì tún ta dáadáa, TMS 30572 wà lára wọn. Àwọn ará Ìkirè fi í joyè Ṣeríkí Àgbẹ̀ ní 1983. Oyè tó tọ́ sí ènìyàn nìyẹn, mo rí àwọn tí wọ́n fi joyè tí wọn ò ṣe ìdá mẹ́wàá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n pé ẹ̀gẹ́ kan lè gba àrùn mọ́ra kò ní kí á má yan igi mọ́. Bí ẹ bá ń gbin aláìsàn lọ́dọọdún, ẹ̀ ń bọ́ àrùn fún oko aládùúgbò yín ni.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ńkọ́? Nígbà tí wọ́n rí àrùn tó ń mú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣù jọ sókè, tí kì í jẹ́ kó so, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà Benin, ó ti wà ní Benin ṣáájú. Kòkòrò kékeré a máa gbé e, ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ènìyàn wú kọjá ààlà ló ń gbé e lọ jìnnà. Mọ̀lẹ́bí ló wà lápá ọ̀hún, mọ̀lẹ́bí ló wà lápá ìhín. Kì í ṣe pé kí ẹ má fún ara yín ní nǹkan, ẹ bèèrè bí ìyá rẹ̀ ṣe rí lóko kí ẹ tó gbà á.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ènìyàn tó ní kòkòrò HIV tàbí àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B lè sanra, kí ara rẹ̀ máa dán fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ò sì ju ẹ̀kán lọ lẹ́nu abẹ. Olóòlà tó fẹ́ kọ ọmọ yín nílà, onígbàjámọ̀ tó fẹ́ fá orí yín, ẹni tó fẹ́ gún yín ní gbẹ́rẹ́, ẹ ní kí ó ṣí abẹ tuntun lójú yín. Bí ó bá bínú, kí ó bínú.

6. Ẹ bo gàrí yín.

Orúkọ ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n fi pe ibà Lassa ní 1969, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ Òkè Ọya ni. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tó ń fojú winá rẹ̀ jù lọ́dọọdún, ẹ sì bi àwọn ará Ọ̀wọ̀ léèrè ohun tí ojú wọn ń rí bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé. Èkúté kan ló ń gbé e, a máa tọ̀ sórí oúnjẹ, a sì máa ya ìgbẹ́ sí i. Bí wọ́n bá dáná sun igbó, inú ilé ló ń sá sí. Gàrí tí ẹ sá sẹ́bàá títì, tí ẹ ò bò, tí ẹ dà sínú báàgì tí ẹnu rẹ̀ là, òun ni ọ̀nà. Ẹ wá nǹkan tó ní ìdérí tó dé dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, ẹ má fọwọ́ lásán kan ẹ̀jẹ̀ tàbí èébì aláìsàn ibà kankan, nítorí láti ara ènìyàn sí ènìyàn náà ló ń ràn.

7. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ sì mọ ohun tó náni.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí òkè òkun, wọn yóò béèrè káàdì yẹ́lò lọ́wọ́ yín, ẹ̀rí pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ní 1927, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí ṣe ibà pọ́njú, ara rẹ̀ sì yá. Ìgbìmọ̀ olùwádìí àjọ Rockefeller, tí ibùdó wọn wà ní Yábàá ní Èkó, gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Láti inú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin Áfíríkà yìí ni Max Theiler ti dín agbára fáírọ́ọ̀sì náà kù títí ó fi di abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní 1937, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí náà, ti kó ibà yẹn, ó sì kú ní Èkó ní 1927. Hideyo Noguchi kú ní Accra lọ́dún tó tẹ̀lé e, dókítà Young tó yẹ òkú Noguchi wò náà sì tẹ̀lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan bá wá ní kí ẹ san owó kí òun fún yín ní káàdì náà láìgún yín lábẹ́rẹ́, ẹ mọ ohun tí ẹ ń tà. Abẹ́rẹ́ yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn ń gbà á títí ayé rẹ̀.

Rọpárọsẹ̀ ńkọ́? Nígbà kan, àhesọ ọ̀rọ̀ mú kí àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Òkè Ọya dá oògùn àjẹsára rẹ̀ dúró, ó sì tún tàn kálẹ̀ láti ibẹ̀. Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó lè kéde pé oríṣi rẹ̀ àdáyébá ti tán ní Áfíríkà.

8. Bí ó bá ti bẹ́ sílẹ̀, ẹ yí i ká.

Bí iná bá ń jó oko bọ̀, àgbẹ̀ kì í da omi sí gbogbo igbó, yóò ro ilẹ̀ yí oko rẹ̀ ká ni, kí iná má rí nǹkan jẹ. Dókítà William Foege ti bá wọn pa iná igbó ní Amẹ́ríkà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1966, ó wà ní agbègbè Ògójà, ṣọ̀pọ̀ná bẹ́ sílẹ̀, abẹ́rẹ́ tó wà nílẹ̀ ò tó gbogbo ènìyàn. Ó lo rédíò tí àwọn míṣọ́nnárì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lálẹ́ láti mọ abúlé tí àrùn wà, ó sì ní kí wọ́n gún àwọn tó yí aláìsàn ká nìkan, àti àwọn tí wọ́n lè lọ bá. Àrùn náà dúró. Ọgbọ́n yẹn ni ayé gbà lò. Nàìjíríà rí aláìsàn rẹ̀ ìkẹyìn ní 1970, ẹni ìkẹyìn ní gbogbo ayé tó kó o lọ́nà àdáyébá wà ní Sòmálíà ní 1977, nígbà tó sì di 1980, wọ́n kéde pé Olóde, ìyẹn ṣọ̀pọ̀ná, ti lọ. Ṣáájú gbogbo ìyẹn, ní ìparí ọ̀rúndún 19, Dókítà Oguntọla Sapara ti wọ inú ẹgbẹ́ àwọn abọ̀rìṣà Ṣọ̀pọ̀ná lágbègbè Ẹ̀pẹ́ ní bòókẹ́lẹ́, kí ó lè mọ bí àrùn náà ṣe ń ti ara òkú dé ara alààyè. Ọ̀nà ni òun náà ń wá.

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, Patrick Sawyer ti Làìbéríà ṣubú ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, ó ti kó Ẹ̀bólà. Ìlú tó kún bí Èkó! Gbogbo ayé ló di orí mú. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ń sáré lórí rọpárọsẹ̀ ni wọ́n kó jọ. Wọ́n wá gbogbo ẹni tó kan aláìsàn, àti ẹni tó kan ẹni tó kàn án, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900. Lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21 ni wọ́n ń lọ wọn ooru ara olúkúlùkù wọn, títí ìbẹ̀wò náà fi tó nǹkan bí 18,500. Ogún ènìyàn ló kó o, mẹ́jọ kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé ó ti tán.

Ẹnì kan tí wọ́n ń ṣọ́ sá lọ sí Port Harcourt, dókítà kan tọ́jú rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, dókítà náà sì kú. Ìtìjú àti ìbẹ̀rù ló gbé ìyẹn rìn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bí ẹni tó yẹ kó jáde bá mọ̀ pé àwọn ènìyàn yóò sá fún ọmọ òun nílé ìwé, yóò sá pamọ́ ni. Lásìkò náà, fóònù ń dún lóru káàkiri ilẹ̀ yìí pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún. Ó kéré tán, ènìyàn méjì ló mu omi iyọ̀ kú. Ẹ̀yin lẹ ni fóònù. Kí ẹ tó fi irú rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín: ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un?

9. Ẹni tó fi ohun ìní rẹ̀ gbà wá lọ́wọ́ àrùn, ẹ san án padà fún un.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ó di ọ̀gá lọ́la gbọ́ jù. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ló ní Sawyer kò ní kúrò nílé ìwòsàn. Àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè ọkùnrin náà ń fúngun mọ́ ọn pé kó fi í sílẹ̀, ó kọ̀. Àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì nígbà náà, kò sì sí ibi tí wọ́n ti múra sílẹ̀ de irú àrùn bẹ́ẹ̀. Ó kó o, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. A ò lè san tirẹ̀. Ṣùgbọ́n a lè ra ìbọ̀wọ́ àti aṣọ ìdáàbòbò fún nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí, kí ìyìn tí à ń yin Adadevoh má jẹ́ ti ẹnu lásán.

Ti igi náà wà ńbẹ̀. Ní 1936 ni wọ́n rí àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú ní Gánà. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó dé agbègbè Ìbàdàn. Fáírọ́ọ̀sì ni, kòkòrò funfun kan tí èèrà ń tọ́jú ló ń gbé e, oògùn kan ò sì sí i. Gígé ni wọ́n ní kí wọ́n gé igi tó ní in àti àwọn tó yí i ká. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o ṣì ń so. Èso lójú àgbẹ̀ ń rí, àrùn ni òṣìṣẹ́ ìjọba rí, àdá sì ń bọ̀. Ní Gánà, ọ̀rọ̀ kòkó gígé yìí wà lára ohun tó mú inú ru títí rògbòdìyàn fi bẹ́ ní Accra ní 1948. Ní Ìbàdàn, àwọn àgbẹ̀ kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ Máyégún láti kọ̀ ọ́. Àwọn òyìnbó sọ pé òpè ni wọ́n. Èmi ò rí òpè níbẹ̀. Ẹni tó gbin igi kan, tó dúró dè é títí ó fi so, tí ẹnì kan wá ní kó gé e kí oko ẹlòmíràn lè là, tí owó tí wọ́n sì fẹ́ san kò tó nǹkan, ta ni kò ní di àdá mú?

Nígbà tí àrùn lùkúlùkú tuntun, ìyẹn ọ̀fìnkìn ẹyẹ, wọ Kàdúná ní oṣù kejì ọdún 2006, ọlọ́sìn tó bá gbọ́ pé wọn yóò sun adìyẹ òun yóò kọ́kọ́ sáré gbé e lọ ọjà, àrùn á sì bá a dé ibẹ̀. Owó gbà-máà-bínú tó bá yá kánkán ló ń dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró, kì í ṣe ọlọ́pàá. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá wà nípò tí ẹ ó fi pàṣẹ pé kí wọ́n gé kòkó, kí wọ́n sun adìyẹ, kí wọ́n ti ọjà pa, ẹ ka owó náà jáde, kí ó dé ọwọ́ ẹni tó ni nǹkan kí àdá tó kúrò nínú àkọ̀, kí ẹ sì fún un ní irúgbìn tí yóò tún gbìn.

Bí igi kòkó kan bá sì wà lóko yín lọ́wọ́ báyìí tí ẹ̀ka rẹ̀ wú, tí iṣan ewé rẹ̀ tuntun pupa, ẹ yà á sórí fóònù, kí ẹ fi han àwọn ará CRIN, ibùdó ìwádìí kòkó, ní Ìdí-Ayùnrẹ́. Ẹ má gbé ẹ̀ka rẹ̀ wọ mọ́tò, ẹ má sì já irúgbìn lára rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí wọn yóò fi wá wò ó.